Ìwé Méjìdínlógójì tí Olóògbé Yínúsà Bámiṣayọ̀ Kọ sí Ìyàwó Wọn (1936–1990)

Ọdún 1936 ni wọ́n bí olóògbé ní Ìkìrun, sí ilé Sùlàímọ́nù Bámiṣayọ̀, àgbẹ̀ oníkòkó, àti Sàlímọ́tù aláró. Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyẹ á dákẹ́ lórí igi.

Ní 1961, wọ́n gbé Ìbídùnní níyàwó. Ọlọ́run fi Àlímì àti Rísíkàt ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1979, wọ́n gbé ẹ̀rọ táípù lọ sí Orozo, l'Ábújá, wọ́n ń bá lébìrà àti àgbẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba. Àwọn ará ibẹ̀ ní ariwo táípù ọ̀hún ń dé Kwali, ìlú tó jìnnà! Ìwé atúmọ̀-èdè méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan kọ *entreat*, ìyẹn ‘bẹ̀’, èkejì kọ *intreat*. Kí ọ̀gá ìjọba kankan má baà bínú, olóògbé ń tẹ méjèèjì pọ̀, kí ọ̀gá mú èyí tó wù ú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ líle nìyẹn.

“Kai, Màlámù!” làwọn lébìrà ń pariwo. “Ìwé yín wúwo ju búlọ́ọ̀kù lọ!”

Ní 1984, Ìbídùnní kúrò ní Orozo lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun. Ìyá kú lọ́dún kejì, Ìbídùnní sì ń retí kí ọkọ ní kó máa bọ̀. Ọkọ ń kọ̀wé lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Ìbídùnní kò mọ̀wé. Tíṣà kan wò ó, ọ̀rọ̀ líle inú rẹ̀ ò yé e, ó ní ó jọ ìwé kóòtù. Ìbídùnní gbà pé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni. Ojú tì í láti fi han àwọn ọmọ, ó ń di àwọn ìwé náà sínú aṣọ, kò fèsì. Ní Orozo, mọ́tò kan kì í dúró kí olóògbé má dìde. Wọ́n dìde títí, àga gbàgbé wọn.

Ní 1989, Ìbídùnní fúnra rẹ̀ gbé ìdì ìwé méjìdínlógójì náà wọ mọ́tò wá sí Orozo. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Bàbá Àlímì, ẹ ka ẹjọ́ tí ẹ pè mí yìí sí mi létí.”

Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá: “Ìbídùnní, mo bẹ̀ ọ́. Máa bọ̀.”

“Ẹ ka èkejì.”

Ohun kan náà ni. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n ká ìwé náà.

“Ọdún márùn-ún!” ni Ìbídùnní wí. “Kí ló ṣe Yorùbá?” Ó bá jókòó.

Oṣù mẹ́wàá péré ni wọ́n tún fi jọ gbé. Olóògbé jáde láyé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 1990, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Wọ́n fi aya, ọmọ méjì àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sílẹ̀.

Bàbá Àlímì, ìyàwó yín ní ká sọ fún yín pé Orozo lòun wà, òun ò lọ síbì kankan mọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn yín dáadáa. Ẹ sùn un re o.