Àpẹẹrẹ Tó Dùn

Màmá mi,

Ara mi yá, yàrá mi móoru, mo sì ń jẹun yó. Àárò yín nìkan ló ń sọ mí.

Ẹ bèèrè iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì tí wọ́n fi ń sọ nípa ìtàn ni mò ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé atúmọ̀ èdè. Mo gbọ́dọ̀ fi gbólóhùn kan ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan "asọ̀tàn", mo kọ ọ́ pé: "Orí ilẹ̀ tútù ni asọ̀tàn náà ń sùn, ebi ń pa á, kò sì mọ bó ṣe máa délé mọ́."

Ọ̀gá mi dá a padà. Ó ní, "Ta ló kú? Kọ èyí tó dùn, àbí kó o máa lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo tún un kọ: "Ara asọ̀tàn náà yá, yàrá rẹ̀ móoru, ó sì ń jẹun yó." Inú ọ̀gá dùn gan-an.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kà fún wọn.