Ọláfimíhàn, Ọ̀gágun Rẹ Kọ̀, Kò Fẹ́ Ṣubú

Ọláfimíhàn, ọdún márùn-ún rèé tí o ti fi wá sílẹ̀, a ò sì ní í purọ́ fún ọ: inú ń bí wa.

Àwọn ẹlòmíì a máa gbé àwòrán òkú wọn jáde lọ́dọọdún, wọ́n a kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, kí ẹni wọn máa sinmi. Lọ́dún yìí, èmi Theresa ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà, ni ẹbí ní kí n kọ tiwa, o sì mọ̀ pé n kò mọ irọ́ í pa. Àwọn nǹkan kan lọ dáadáa, ká má ṣàìmoore. Fisáyọ̀ ọmọ rẹ ti wọ yunifásítì ní Àkùngbá, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé ní Ọ̀kà, a ti kan òrùlé rẹ̀, a sì ti kùn ún. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Adùnọlá, ìyàwó wa, tó wà ní Ìkàrẹ́, kò tì rí láti ọjọ́ tí a ti sin ọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù rẹ! Fíìmù rẹ ni eegun tó há wa lọ́fun.

O mọ ìtàn rẹ̀ jù wá lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń bá wa ka ìwé yìí lè mọ ohun tó ń dùn wá.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti ti ogun abẹ́lé dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ránni lógun ti wà lọ́kàn rẹ. O ní ẹni tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ lógun kì í dìde lórí àga tirẹ̀. O ní apá wa ò lè ká irú wọn, ẹ̀rín ni ká fi pa wọ́n. Ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, bó bá di ọjọ́ Sátidé, ìwọ àti ẹgbẹ́ eléré rẹ a gba oko lọ, ẹ óò máa kọ́ bí a ṣe ń ṣubú lórí ebè tuntun, nítorí ebè rọ̀, kì í dáni légungun. Ìyá wa bú yín títí! Iṣu tí ẹ fi ìdí tẹ̀ pa nínú oko yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye rẹ̀.

O ní òfin kan, o sì le lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ lọ́jọ́ tí bàbá wa yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà ọjà, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lo ti ń sọ ọ́ létí wa: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, ẹ rín in, ẹni tó bá ṣubú láìfẹ́, ẹ gbé e dìde. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìṣubú àìmọ̀ọ́mọ̀ sínú fíìmù rẹ, bó ti wù kó pani lẹ́rìn-ín tó.

Báyìí lo ṣe dá Ọ̀gágun Tàgíìrì sílẹ̀. Ọ̀gágun tí wọ́n ń fi bárò tì lọ sójú ogun kí bàtà rẹ̀ má baà dọ̀tí! Ìdérí ìgò mínírà ni gbogbo àmì ẹ̀yẹ tó lẹ̀ máyà, odó ìyá arúgbó kan ló sì fi ṣe àgbá ìbọn. Rufus, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní Ìkàrẹ́, lo fi ṣe ọ̀gágun. Adùnọlá ló rán aṣọ rẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ rán ìdí ṣòkòtò, kó lè ya fàà nígbà tó bá yá. Nítorí ìṣubú kan ni gbogbo eré náà ń lọ bá. Ọ̀gágun á gun òkè Ọ̀kà láti kéde ìṣẹ́gun, á yọ̀, á fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀, ṣòkòtò á ya, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ á wò ó títí, wọ́n á ju igi ọwọ́ wọn nù, kálukú á gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ ti ya gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ìṣubú yẹn nìkan. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta dé, o lọ.

O lọ! O fi ọ̀gágun sílẹ̀ lórí ìdúró.

Adùnọlá ò káwọ́ gbera. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe, a ò sì lè bá a wí, torí àwa gan-an la pàtẹ́wọ́ fún un. Ó mú ibi tí ọ̀gágun ti ń yan, tó ti ń fọwọ́ lu àyà, ó fi í ránṣẹ́ káàkiri lórí fóònù, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé fíìmù ń bọ̀. Ó fi bárò pamọ́, ó fi odó pamọ́. Ó ní àwọn yẹn ni ẹran inú ọbẹ̀, a kì í ti ìsàlẹ̀ ìkòkò bu ọbẹ̀ fún àlejò tí kò tíì jókòó. Ọgbọ́n alásè ni, ó sì dà bí ọgbọ́n lójú gbogbo wa. Àwọn èèyàn rí ọ̀gágun, wọn ò rí bárò. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀!

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, Ọláfimíhàn! Ọmọdé ní Ìkàrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́wọ́ síwájú orí kí Rufus bí ọmọ ogun ṣe ń kí ọ̀gá. Àwọn olóṣèlú gbé e lọ sí Ìpè, wọ́n gbé e lọ sí Ògbàgì, pé kó máa yan níwájú àwọn. Bàbá àgbàlagbà kan tó wá gba agbádá rẹ̀ sọ fún Adùnọlá pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ yìí nílò. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó wa. Ó ní, “Bàbá, a kàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni o.” Bàbá ní kí ló wá kan yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó dúró ṣinṣin báyẹn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé àwàdà fún ẹni tó ti júbà rẹ̀ tán?

Rufus náà wá gbà á gbọ́. Bí o bá pè é lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò ní í wo apá ibi tí o wà. Koríko hù síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlọta wá oníṣẹ́ mìíràn lọ. Lọ́dọọdún ni Adùnọlá ń lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣubú. Lọ́dún kìíní, ó ní òjò ti pọ̀ jù. Lọ́dún kejì, ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Lọ́dún kẹta, ó la ojú, ó ní, “Ìyá Fisáyọ̀, ẹni tí gbogbo Àkókó ń kí, ẹ ní kó wá yọ ìdí síta?”

Lọ́dún kẹrin ló gbé ṣòkòtò náà wá kí Adùnọlá bá òun tú ìbàdí rẹ̀, torí ikùn ti yọ. Ìyàwó wa yí i sódì, ó wo ìdí rẹ̀. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò ló bá níbẹ̀, ìlọ́po méjì. Rufus ò tilẹ̀ tijú. Ó ní télọ̀ kan ní Ọ̀bà ló bá òun ṣe é, torí òun ò fẹ́ ìtìjú. Ọjọ́ yẹn ni Adùnọlá sunkún ju ọjọ́ tí a gbé ọ wọlẹ̀ lọ.

Bí oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ṣe dé, ó dá ọgbọ́n. Ó ní kí Rufus ṣáà wá yan lórí òkè Ọ̀kà, kó kéde ìṣẹ́gun rẹ̀, kó máa lọ. Ó rò pé bó bá dé ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ ń gbá ara yín lulẹ̀ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Fisáyọ̀ ló gbé kámẹ́rà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, orí àpáta ń yọ̀ bí ilá. Rufus gun òkè náà nínú bàtà tó ń dán yinrin, ó nàró, ó gbọ́wọ́ síwájú orí, ó ní, “Èmi, Ọ̀gágun Tàgíìrì…” Kò sọ ọ́ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fò sókè, ìdí rẹ̀ lu àpáta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀. Òwú àpò ò ràn án lọ́wọ́: ṣòkòtò ya láti ìdí dé orúnkún, fìlà yí wọ inú koríko, ìdérí ìgò ń já bọ́ láyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì balẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ níwájú orí.

Olúwa o! Ìwọ náà ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, ó sì ń ké. Adùnọlá ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tú ìró òkè rẹ̀, ó fi bo ọkùnrin náà, òun àti Fisáyọ̀ sì gbé e dìde gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ.

Ìyà wo ló tún ju èyí lọ? Ìṣubú tí ìyàwó wa ń wá láti ìgbà tí o ti kú ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì lè lò ó. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó wò ó nígbà méje, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ń bínú sí ara rẹ̀, ó sì ń bínú sí ìwọ tí o ṣòfin sílẹ̀ tí o gba ọ̀run lọ. Bí kò bá lò ó, ọ̀gágun á wà lórí ìdúró títí láé, iṣẹ́ tí o fi ayé rẹ ṣe á sì di oríkì fún irú àwọn tó rán bàbá wa lọ síbi tó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ sí. Bó bá sì lò ó, ọ̀rẹ́ rẹ ló fi ṣẹ̀sín yẹn. A pe ẹbí jọ. Ẹbí pín sí ọ̀nà méjì, èmi gan-an sì wà ní ìhà méjèèjì.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Rufus wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Aṣọ ọ̀gágun ló wọ̀, ó ti rán tuntun. Ó ní kí Adùnọlá pa fídíò náà rẹ́.

Adùnọlá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. “Ẹ̀gbọ́n, màá pa á rẹ́ lójú yín níbí. Òfin ọkọ mi ni. Rufus ṣubú láìfẹ́, a gbé Rufus dìde, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé Rufus ló ń bẹ̀ mí.”

Rufus wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ iléèwé mẹ́rin ti tò síbẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ síwájú orí, wọ́n ń retí kó kí àwọn padà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. ‘Èmi Rufus.’ Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Adùnọlá ní òun rí i tí ètè Rufus mì, òun sì rò pé orúkọ náà ń bọ̀. Ló bá na ẹ̀yìn rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ yẹn padà, ó ní, “Ọ̀gágun kì í bẹ̀bẹ̀. Àṣẹ ni mo pa.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ìyàwó wa ní. “Ọ̀gágun náà ló ṣubú.”

Lánàá, nínú gbọ̀ngàn iléèwé tí o ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀kà, a gbé odindi fíìmù rẹ jáde sára ògiri, àti bárò, àti odó, àti ìṣubú. Èrò wá láti Ìkàrẹ́, wọ́n wá láti Ìpè. Ọláfimíhàn, wọ́n rẹ́rìn-ín! Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin kan jáde lọ mí. Àwọn ọmọ iléèwé mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀, ọ̀kan ń yí nílẹ̀. Bàbá alágbádá yẹn náà wá, ó fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ohun tí o fẹ́ ṣẹ, kò ku ibì kan.

Rufus ò wá. Ìyàwó wa fi àga kan sílẹ̀ dè é níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, àga náà ṣófo títí a fi ṣe tán. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, Adùnọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọrùn ẹsẹ̀ Rufus ló ń wò bó ṣe ń yẹ̀ lára ògiri. Ọkùnrin tó gbẹ́ sàréè rẹ nìyẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ẹ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun.

Láàárọ̀ yìí, ìyàwó wa bi mí bóyá òun ṣe é dáadáa. Ìwọ ni ìbéèrè yẹn tọ́ sí! Ìwọ lo mọ bí a ṣe ń rín èèyàn tí a ò fi í pa á lára, o ò sì kọ́ wa tán kí o tó lọ. Inú ń bí wa sí ọ torí pé o ò sí níbí. O ò sí níbí láti rẹ́rìn-ín lánàá, o ò sì sí níbí lónìí láti lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ. Ọdún márùn-ún, ìbínú yìí ò rọlẹ̀. Ìfẹ́ rẹ náà ò rọlẹ̀ lọ́kàn wa, àbúrò mi, ìkan kì í jẹ́ kí ìkejì sùn.

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, Adùnọlá ti bu oúnjẹ sínú abọ́, ó ti ń wé gèlè. Ó ní ilé Rufus ni òun ń lọ. Ó ní bó bá kọ̀ tí kò ṣílẹ̀kùn, òun á jókòó síta, òun á máa pè é lórúkọ tí ìwọ máa ń pè é, títí yóò fi dáhùn.