Àdúràọlá Fẹ́ Rìn Wá Bá Yín

Kábbà

Boaz àbúrò mi,

Mo kí ìwọ àti Juliet ìyàwó wa. Àdúràọlá ọmọ yín wà lálàáfíà, kí ọkàn yín balẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ó wọ inú òkun lọ ní Sátidé, èmi àti Màámi sì mọ ohun tó fà á.

Orúnkún Màámi ti fúyẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kó òun àti Àdúràọlá jáde lópin ọ̀sẹ̀. Òkè Ogidi la kọ́kọ́ gùn ní Jímọ̀. Àdúràọlá wò yíká títí, ó ní, "Màmá, ilé Dádì dà?"

Màámi ní, "Ó wà lẹ́yìn omi ńlá, ọkọ mi."

Nígbà tá a dé etíkun l'Ékòó lọ́jọ́ kejì, kò dúró bọ́ bàtà. Ó sáré wọnú omi, ó ń pariwo, "Dádì, mò ń bọ̀!" Ìgbì ti gbé e ṣubú kí n tó fà á jáde. Màámi bú sẹ́kún.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè, ọkàn yín sì ń fà sí i. Ṣùgbọ́n "a ó wá láìpẹ́" ti tó gẹ́ẹ́. Kí ẹnì kan nínú yín wálé ṣáájú Kérésìmesì. Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbẹ̀.

Mú ọjọ́ kan, kí o pè mí kó tó di Sọ́ńdè, kí ìwọ fúnra rẹ sì sọ ọ́ sí Àdúràọlá létí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Moyinolúwa