Àpò Lẹ́tà Nọ́ńbà 17

Mọ́ńdè, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì
Ọlidé la wà, àmọ́ ọ́fíìsì Dádì ni mo wà, mò ń to fáìlì. Ìyà èsì ìdánwò mi nìyẹn. Màmá Ìgbàwo tún dé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ — òun ni olórí àwọn tó fi owó wọn ti ilé-iṣẹ́ Dádì lẹ́yìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì mọ̀: ìgbà wo lẹ máa parí? Ìpara ni Dádì ń ṣe, láti ara kòkòrò tí ojú ò lè rí, fún egbò ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ dán an wò lára ọgọ́fà èèyàn. Ọdún méjì rèé, mọ́kànlélógójì péré la rí. Mo gbọ́ ọ láti yàrá kejì tó ní ìgbín gan-an ì bá ti dé. Dádì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n lé òun jáde.
Ojú tì mí pé òun ni bàbá mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ ọ́ lẹ́nu.

Wẹ́sìdeè, 6
Mo bi Dádì pé kí ló ń fa gbogbo ìjáfara yìí. Ó ní ìdajì àwọn aláìsàn ń lo ìpara gidi, ìdajì ń lo ọ̀rá lásán, rọ́bà kan náà ni wọ́n rọ méjèèjì sí. Òun ò mọ ta ló ń lo èwo. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò mọ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Inú àpò lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n tì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí i àfi tí ẹ̀mí ẹnìkan bá wà nínú ewu. Mo ní, ẹ kúkú yọjú wò ó. Ó wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú ọbẹ̀.
"Tí a bá ti yọjú, irọ́ la ń pa láti ọjọ́ náà lọ."

Fúráìdeè, 8
Bàbá Télọ̀ wá pààrọ̀ báńdéèjì. Òun ni nọ́ńbà 17. Ìyàwó mi ló ń pè mí. Ó ní kí n má tíì gba ìwé lọ́wọ́ ọmọkùnrin kankan, ẹsẹ̀ tí òun máa fi bá mi jó ti ń bọ̀ lọ́nà. Etí egbò rẹ̀ ti ń pọ́n dáadáa, ó ti ń jinná.

Mọ́ńdè, 11
Màmá Ìgbàwo ní tí òun ò bá rí àmì kankan títí ọjọ́ kejìlélógún, àwọn máa kó owó àwọn kúrò. Dádì ní àmì ò sí tí òun lè fi hàn kí gbogbo ẹ̀ tó parí.
Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Kí n lè sọ fún ara mi pé Dádì kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ tọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Mo fi ooru kẹ́tù ṣí nọ́ńbà 17. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà.

Túsìdeè, 12
Ọ̀rá lásán.

Fúráìdeè, 15
Egbò Bàbá Télọ̀ ti kéré sí i. Ara rẹ̀ ló ń wo ara rẹ̀ sàn, kò mọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ṣàdúrà fún Dádì, fún oògùn. Mò ń ṣe àmín. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì títí ó fi lọ.
Tí mo bá sọ ọ́, Màmá Ìgbàwo á ní ẹ wò ó, ọ̀rá lásán náà ń wo egbò.

Mọ́ńdè, 18
Obìnrin tó ń wá yẹ iṣẹ́ wò rí i pé etí àpò lẹ́tà kan ti hunjọ. Àǹtí Nọ́ọ̀sì nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ búra. Dádì ní kó lọ jókòó sílé ná. Mo dúró síbẹ̀, fáìlì kún ọwọ́ mi.
Bó ṣe ń kó bàtà rẹ̀ sínú báàgì, ó ní, "Àbúrò mi, o ṣeun o. Ìwọ nìkan lo ràn mí lọ́wọ́ níbí."

Tọ́sìdeè, 21
Mo ní, Dádì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó ní lẹ́yìn ìpàdé ọ̀la.

Fúráìdeè, 22
Mo wọlé ìpàdé. Èèyàn mẹ́fà àti Dádì. Mi ò kí wọn. Mo ní èmi ni, kì í ṣe Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo sọ ti kọ́kọ́rọ́, mo sọ ti kẹ́tù.
Màmá Ìgbàwo sún síwájú lórí àga. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"
Dádì ní, "Má dá a lóhùn."
Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo pa á dé. Dádì sọ pé a máa yọ nọ́ńbà 17 kúrò torí àpò rẹ̀ ti ṣí, ó ku ogójì, pé òun máa wá ẹlòmíràn dípò rẹ̀, ó lè gba oṣù mẹ́ta. Ó pe Àǹtí Nọ́ọ̀sì lórí fóònù níwájú wọn, ó bẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé. Méjì nínú wọn dìde, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Màmá Ìgbàwo ò dìde.
Nínú ọkọ̀, Dádì ò bá mi wí. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi ni màá sọ fún Bàbá Télọ̀ pé a ti yọ ọ́ kúrò, àti ìdí rẹ̀. Nígbà tí iná ojú títì dá wa dúró, ó yíjú sí mi. Ó la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ bèèrè, ohun tó wà nínú àpò yẹn, mo rí i lójú rẹ̀, ọdún méjì ló ti ń pa á bí òùngbẹ.
Iná yí padà. Ó wo iwájú, ó ń wakọ̀ lọ.