Wọ́n Dí I, Ó Ró, Ó Sì Jìn

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi, obìnrin bí ọkùnrin,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìjókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ̀yìn kò ní í ro ọ́, ojú kò ní í dùn ọ́, ọ̀gá rẹ kò sì ní í dédé kórìíra rẹ. Báwo ni yàrá tí o gbà? Ṣé òjò ti dẹ́kun láti máa bá ọ pín ibùsùn? Àwa nílé wà, a ń jẹun, a ń sùn, ìyá rẹ ń bá mi jà, nítorí náà o mọ̀ pé ara wa le. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì sínú fìlà tí mo fẹ́ràn jù, n ò sì lè bá abiyamọ jà, mo ti fi fìlà náà sílẹ̀ fún un.

Lẹ́tà rẹ dé, pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ kí o máa wà, àti fọ́ọ̀mù tí o ní kí n fọwọ́ sí kí oṣù tó parí, pé láìsí i wọn kò ní í fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. O ní o ti kọ́kọ́ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo yí fóònù náà sókè, mo yí i sódò, mo gbọ̀n ọ́n, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ bátìrì, kò sí àwòrán kankan tó jábọ́. Bóyá ó ṣì wà lọ́nà.

Ọmọ mi, nígbà tí mo ka lẹ́tà yẹn dé ibi tí o ti ní ọkọ̀ náà kì í mu bẹntiróòlù, pé afẹ́fẹ́ ló ń mu, àti pé omi nìkan ló ń tọ̀, mo bọ́ dígí ojú mi, mo nù ún, mo tún ìlà náà kà. Omi náà ṣì wà níbẹ̀. Mo wá rí orúkọ afẹ́fẹ́ ọ̀hún. Háídírójìn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kẹta ni àyà mi já. Ìwọ tí o lọ sí ilé-ìwé, ṣé o kò gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń sọ ni? Wọ́n dí i, ó ró, ó sì jìn! Háì tó wà níwájú yẹn, igbe ẹni tó jókòó lé e ni. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ o, orúkọ ló sì máa ń ro ọmọ.

Mo wo àwòrán. O ní kí n wo àwọn ìgò ńlá tó gùn gbọọrọ tó wà lórí ọkọ̀ náà, pé inú wọn ni afẹ́fẹ́ yẹn wà. Lórí òrùlé! Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ̀yin gbé e sórí òrùlé, ẹ tún kó èrò ogójì sábẹ́ rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ mi máa wà á lọ. Mo wá ṣí fọ́ọ̀mù. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà pé, orúkọ ẹni tí a ó pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Èwo ni ohunkóhun? Ta ló sọ fún wọn pé ohunkóhun fẹ́ ṣẹlẹ̀? Mo mú bírò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà fóònù mi, mo fi í sílẹ̀ lófìfo, nítorí bí wọn kò bá rí ẹni pè, wọn kò ní í jẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọ́. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo ká a, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ní ọmọ mi kò ní í wa ohun tó ń ró bí ìbọn láàárín ìgboro.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ ni ìparí rẹ̀, níbi tí o ti ní kí n jọ̀ọ́ kó àwọn kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù mi kúrò nínú yàrá tí mò ń sùn. Ẹ wá wò ó o. Ẹni tó fẹ́ lọ jókòó sábẹ́ ìbọn ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó jókòó ti epo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta bẹntiróòlù lẹ́nu ọ̀nà yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló sì ń sùn kí àwọn olè má baà mọ ibẹ̀. Bẹntiróòlù, ọmọlúàbí ni. O ń rí i, o ń gbọ́ òórùn rẹ̀, bí ó bá ń bọ̀ ó máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Tìrẹ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, o tún wá kọ ọ́ fúnra rẹ pé bí ó bá ń jó lọ́sàn-án, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iná rẹ̀. Iná tí ojú kò rí, apá ibo ni èèyàn yóò sá gbà? O ní ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń gbóòórùn rẹ̀, tí yóò súfèé bí ó bá ń jò. Kí ló dé tí wọn ò kúkú gba ajá síṣẹ́?

Mi ò kàn jókòó kí n máa bínú o. Mo jáde lọ wádìí. Mo kọ́kọ́ lọ bá fọkanáísà wa tó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́, mo ní, ọ̀rẹ́ mi, ìròyìn kan dé o, afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ ń mu báyìí. Ọkùnrin náà dìde lórí táyà tó jókòó lé, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní ṣé lóòótọ́ ni. Mo ní ọmọ mi ló kọ ọ́. Ó ní ogún ọdún ni òun ti ń fẹ́ oúnjẹ ọkọ̀ sínú táyà láìmọ̀. Kí n tó délé, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pákó pé, epo tuntun wà níbí, ẹ gbé ọkọ̀ yín wá. Ọlọ́kàdà kan tilẹ̀ yà síbẹ̀. Wọ́n ti ọ̀pá afẹ́fẹ́ bọ inú táńkì rẹ̀, epo tó kù níbẹ̀ sì fọ́n sí àwọn méjèèjì lára. Wọn kì í kíra wọn mọ́ báyìí.

Ìgbà náà ni mo lọ bá jórinjórin tó wà ní ìkóríta, ẹni tó ń lo ìgò afẹ́fẹ́ láti fi jó irin mọ́ irin. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ọmọ mi kì í ṣe afẹ́fẹ́ táyà, pé inú omi ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́. Ó ní lóòótọ́ iná ni, iná kékeré tó fò ṣáṣá ti tó láti tàn án, ìdí nìyẹn tí ìgò rẹ̀ fi nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí wọn kì í sì í fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó fúyẹ́ jù láyé ni, bí ó bá rí ihò báyìí, òkè ló ń lọ, kì í dúró kí ẹnikẹ́ni. Òrùlé gan-an ni ipò rẹ̀. Ó wá ní bẹntiróòlù tèmi ni òun ń bẹ̀rù, nítorí oru rẹ̀ wúwo, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, á máa wọ́ lọ láti yàrá dé yàrá títí yóò fi rí iná. Ó ní kò sí èyí tí kò lè pa èèyàn nínú méjèèjì, àmọ́ ti ọmọ mi ń sá lọ, tèmi ń dúró de èèyàn.

Inú bí mi. Mo ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò rí i kí bẹntiróòlù rìn rí. Mo ní kí òun àti fọkanáísà wá sílé mi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Mo sì búra pé bí ó bá rìn, màá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ọmọ mi lójú wọn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ pé. Fọkanáísà dúró lójú fèrèsé, jórinjórin kọ̀ láti wọlé, ó ní ìta tẹ́ òun lọ́rùn. Mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo da bẹntiróòlù sínú abọ́ fífẹ̀ kan láàárín yàrá, mo jókòó ti fèrèsé, mo káwọ́ gbera, mo ń wò ó. Ó jókòó jẹ́ẹ́. A wò ó títí, oòrùn kúrò lára ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀yẹ́ jórinjórin, mo ní ṣé bàtà ló ń wá ni kó tó máa rìn. Mo tilẹ̀ bá epo náà sọ̀rọ̀, mo ní kí ó má dá wọn lóhùn.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé Ọjọ́bọ̀ ni ìyá rẹ máa ń lọ aṣọ tó bá rán. Ó ti gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, ó wá jáde lọ wọn oníbàárà kan lẹ́nu ọ̀nà. Ọpẹ́lọpẹ́ oníbàárà yẹn àti ìdí rẹ̀ tó gbòòrò, tí wíwọ̀n rẹ̀ kò tètè parí. Mo kàn gbọ́ fùùù. Ọmọ mi, iná wọlé tọ̀ mí wá láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń bọ̀ lórí ilẹ̀, bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ, ó sì lọ tààrà sínú abọ́. Kò kan ilẹ̀kùn o. Ibi tí mo gbà jáde ní fèrèsé yẹn, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ, nítorí orí mi kò gbabẹ̀ nígbà tí a dán an wò lẹ́yìn náà. Orí fọkanáísà ni mo balẹ̀ sí.

Kí ọkàn rẹ balẹ̀, kò sí ẹni tó fara pa. Kẹ́ẹ̀gì méjì péré ló wà nínú ilé lọ́jọ́ náà, wọ́n wà ní dídé, jórinjórin sì fi ọ̀pá irin gígùn wọ́ wọn jáde láti ojú fèrèsé kí iná tó débẹ̀. Òun àti fọkanáísà ń da yanrìn, èmi ń pàṣẹ. Ibùsùn lọ, aṣọ fèrèsé lọ, irùngbọ̀n mi apá òsì náà lọ. Fọ́ọ̀mù rẹ nìkan ni kò lọ, torí ìyá rẹ ti yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí láti òwúrọ̀, ó ti gbé e pamọ́ sínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ìyá rẹ kò pariwo. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wo ilẹ̀ tó dúdú, ó wo irùngbọ̀n mi, ó ní, "Baba ọmọ mi, ọkọ̀ ọmọ wa ń tọ omi. Ọjà tiyín ń tọ iná." Ó fún mi ní bírò.

Mo fọwọ́ sí i. Ó wà nínú lẹ́tà yìí. Mo ti fi ọ̀bẹ ha ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ kúrò, ihò díẹ̀ ló sì kù níbẹ̀, sọ fún wọn pé eku ni. Mo ti kọ nọ́ńbà fóònù mi sí i, kí wọ́n pè mí tí kò bá sí ohunkóhun, kí n lè máa gbọ́ pé kò sí ohunkóhun.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi fún ọ. Kì í ṣe iná nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń mu afẹ́fẹ́, ta ni yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi? Nínú kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn ni ìwé rẹ ti jáde, inú wọn ni bàtà rẹ ti jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, òórùn epo wà lọ́wọ́ mi, ìyá rẹ ní kí n lọ fọ̀ ọ́ kí n tó gbé ọ, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ, mo sì gbé ọ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n yàn láàárín àwọn awakọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀. Mo ti ń bá èyí tó bàjẹ́ yẹn sọ̀rọ̀.

Nípa ti owó, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọkọ̀ tuntun náà ò tíì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ni a ń bẹ̀. Fi owó ibùsùn ránṣẹ́, kí ó má fẹ̀ jù, ìyá rẹ ní òun kò tíì mọ ìgbà tí òun máa padà sí yàrá náà. Fi owó páànù ránṣẹ́, jórinjórin fẹ́ bá mi kọ́ ahéré kékeré fún epo, ogójì ìṣísẹ̀ sí ilé. Ìyá rẹ ló ka ìṣísẹ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn lọ́jọ́ náà.

Fi owó ọkọ̀ mi sí i. Ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ máa gbé ọkọ̀ yẹn jáde, mo fẹ́ jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ gan-an, èmi àti garawa yanrìn mi. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé yanrìn náà kì í ṣe ẹrù, orí itan mi ni yóò wà, kí wọ́n má gba owó rẹ̀. Jórinjórin ní yanrìn kò wúlò fún irú iná yẹn. Mo ní ṣé òun ló bímọ ni. Mi ò tíì gba ọkọ̀ yẹn gbọ́ o. Ìwọ ni mo gbà gbọ́.

Ọ̀nà yóò là fún ọ. Ọwọ́ rẹ kò ní í gbọ̀n lórí ìdarí ọkọ̀. Gbogbo ẹni tí o bá gbé ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn kò ní í ró lórí rẹ láéláé. Ṣùgbọ́n bí ó bá dán an wò, kí ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, kó rí bàbá rẹ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Onírùngbọ̀n Ẹ̀gbẹ́-Kan