Àṣírí Tí Bísí Pè Ní Ìran

Sunday, ìrọ̀lẹ́, Peckham

Ara mi ò tíì balẹ̀. Pásítọ̀ ti ń kọ́ wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé kí kálukú wá ẹ̀bùn ẹ̀mí tirẹ̀ rí, kó sì máa lò ó. Lónìí, Bísí ọ̀rẹ́ mi gba máìkì, ó dijú, ó ní Olúwa ń fi arábìnrin kan han òun tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ò sì tíì mọ̀. Ó wá nawọ́ sí mi.

Èmi ni mo sọ ọ́ fún un, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àdúgbò Elephant. Mo ń sunkún, ó di ọwọ́ mi mú. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ kí Fẹ́mi ọkọ mi kọ́kọ́ sinmi kí n tó sọ fún un, torí ibi ìsìnkú bàbá rẹ̀ ní Nàìjíríà ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní ẹ̀bùn àsọtẹ́lẹ̀ ti hàn lára Bísí. Fẹ́mi jókòó tì mí, kò wojú mi.

Mo bá Bísí níta. Mo ní, “Ta ló fi hàn ẹ́?”

Ó ní, “Ẹ̀mí lè lo ohun téèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe gbàdúrà fún ẹ ni?”

Mo ní kó lọ sọ òótọ́ fún Pásítọ̀. Ó ní kí n má ba ẹ̀bùn òun jẹ́.

Nígbà tí a délé, Fẹ́mi bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó sunkún, mo gbá a mọ́ra.

Ẹnu èmi fúnra mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.