Bàbá àti Màmá Wá Wo Port Harcourt

Bọ̀dá Gbọ́lágadé,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi ti wálẹ̀ díẹ̀. Gáàsì ló tún gbówó lórí.

Bàbá àti Màmá wá láti Ìkìrun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ìlú làwọn wá wò. Ẹ mọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ mọ ibi tí a sin àbúrò wa Ọládayọ̀ sí, nítorí àwọn ló bí i.

Mo gbé wọn dé èbúté àtijọ́, mo gbé wọn dé ilé ìfọpo ní Alesa. Wọn ò wo ọkọ̀ òkun kankan. Gbogbo ilẹ̀ tí ọgbà bá ti yí ká ni Bàbá ń ṣí fìlà fún, títí kan ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù. Màmá á ní, "Rọra wakọ̀ níbí, Ìkẹ́."

Nígbà tí a wá kọjá lára ibi tí a sin Ọládayọ̀ sí gan-an, lọ́nà Isiokpo, oorun ti gbé Bàbá lọ, fìlà wà lórí wọn. Màmá ń bi mí iye tí wọ́n ń ta gààrí. Mi ò lè jí Bàbá. Mo ní gààrí ti wọ́n.

Màmá pè lánàá, wọ́n ní àwọn ò tíì rí ìlú tán, àwọn á tún wá. Àyà Bàbá ò gba ìrìn àjò mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ yín sin yín. Mo ṣe àdúrà yìí fún Màmá nígbà tí wọ́n ń wọkọ̀. Wọn ò ṣe àmín.

Àbúrò yín,
Ìkẹ́olúwa